Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Sùn sí Ìdànrè: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tó Ń Gun Òkè Lọ́jọ́ Kan

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ agunkè gbogbo,

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, iwájú wa lẹ sì máa ń gbà kọjá. Bó bá ti di nǹkan bí aago mọ́kànlá ọjọ́ Sátidé, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì yín á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọ̀nà Ìdànrè, ẹ̀wù kan náà lọ́rùn gbogbo yín, orin á máa dún kíkankíkan láti inú wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, bọ́ọ̀sì yẹn á tún kọjá padà. Orin ti dákẹ́. Oníkálukú ti gbórí lé gíláàsì fèrèsé, ó ti sùn lọ. Ẹ ti gun Òkè Ìdànrè nìyẹn, ó ti wọ fóònù.

Mi ò bínú sí yín o. Inú wa ń dùn pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà tẹ́lẹ̀ pé Dubai nìkan lèèyàn ti ń gbafẹ́ ti ń mọ ọ̀nà ilé. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ sùn síbẹ̀. Bó jẹ́ òru kan péré lẹ lè yọ̀ǹda, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀. Bó bá di méjì, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ náà bó ṣe rí. Láti Èkó dé Àkúrẹ́ tó 300 kìlómítà, ì báà jẹ́ Ọ̀rẹ̀ lẹ gbà wá tàbí Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè jẹ́ nǹkan bíi 24 kìlómítà. Ẹni tó gbéra láago márùn-ún ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò dá dúró, tí táyà kò fọ́ mọ́ lọ́wọ́, kò lè débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Tẹ́ ẹ bá wá ra tíkẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ kó ara yín jọ, tẹ́ ẹ ya fọ́tò ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀sán gangan lẹ máa gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Òkúta akọ sì ni gbogbo òkè yẹn. Òkúta akọ kì í gbàgbé oòrùn: bó bá ti di aago kan ọ̀sán, ó ti gbóná bí agbada alákàrà, ooru á máa tòkè wá, á sì máa tilẹ̀ wá. Ìyẹn ló fà á tí ìdajì yín fi ń jókòó sí ibi ìsinmi kejì, tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ̀yin á dúró de àwọn yòókù. Òkè kọ́ ló ṣẹ́gun yín, aago ni.

Ẹ wá wo bí òwúrọ̀ ṣe ń rí fún ẹni tó sùn sí Òdòde, ìlú Ìdànrè tó wà nísàlẹ̀ òkè, mọ́jú. Kò sí ibi téèyàn dúró sí nílùú tí kì í rí òkúta: ẹ ṣí fèrèsé, òkúta ni, ẹ yí sẹ́yìn, òkúta ni, àwọn mìíràn ga débi téèyàn fi ní láti gbé orí sókè pátápátá kó tó rí téńté wọn. Láàárọ̀ kùtù, ìkùukùu máa ń bò wọ́n láàárín, orí nìkan á yọ síta, ìlú á sì wà nísàlẹ̀ tó ń gbálẹ̀, tó ń pọn omi, tó ń dáná. Ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ fi àkàrà sí i, kí ẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà òkè bí wọ́n bá ti ṣí i. Ẹ ó rí i pé àtẹ̀gùn kan náà tó ń pa èèyàn lọ́sàn-án kò tó nǹkan tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ó lé ní 600. Ẹnì kan á ní 660 lòun kà, ẹlòmíràn á ní 682; kò sẹ́ni tó ṣe tán láti padà lọ tún un kà kí ìjà lè parí. Irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Mo ti rí àwọn ìyá àgbà tó gùn ún dókè láìmí gule, torí wọn ò sáré. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi eré bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá lójú ọ̀nà.

Ohun tó sì wà lókè ni ọ̀rọ̀ mi gan-an. Ẹni tó débẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń wo aago torí dẹ́rẹ́bà ti ní aago mẹ́ta lòun ń lọ, fọ́tò lásán ni yóò rí. Ìlú ló wà níbẹ̀ o. Kì í ṣe àwòrán ìlú, kì í ṣe ahoro tí a ò mọ olówó rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún làwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkúta yìí, pẹ̀lú ọba wọn, Ọwá, pẹ̀lú ààfin, ojúbọ, itẹ́ òkú àti oko. Nígbà ogun, òkè ni odi wọn. Ẹ dúró láàárín àwo ńlá tí àwọn òkúta yẹn yí ká, kẹ́ ẹ wo ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé. Ẹ ó mọ ìdí tí jagunjagun kankan ò fi ní fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí àwọn onílé wà lókè pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Àwọn ọdún 1920 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá síbi tó wà lónìí. Ogun ti tán, ọ̀nà ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, kòkó sì ti di owó.

Ẹ béèrè ààfin àtijọ́, kẹ́ ẹ wo àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, kí ẹ jókòó díẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Ẹ béèrè ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé agogo. Ẹ béèrè ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní 1896 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó ń ka A, B, D lókè yẹn, tó gbójú sókè nínú kíláàsì, tó ń wo gbogbo igbó Ìdànrè tó tẹ́ lọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ inú òkúta tí wọ́n ní ó máa ń ba gbogbo ẹsẹ̀ mu, ọmọdé ni o, àgbà ni o, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Mo ti rí ọ̀gá báńkì kan tó fi ọgbọ́n yẹ ibẹ̀ sílẹ̀, tó ní bàtà òun lè bọ́. A rẹ́rìn-ín. Omi tí wọ́n ń pè ní Àpáàrá náà wà níbẹ̀, àti ìkọ̀wé ara òkúta tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sún mọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn tán, tó fẹ́ gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, á lo òwúrọ̀ kan gbáko, bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń bi ìbéèrè, á fẹ́ padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí n kò lè fi pamọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sípíkà yẹn sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ariwo Èkó ló lé yín jáde. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi pọ̀n ọ́n wá? Òkè náà ṣì ní olóhun. Àwọn àgbà ṣì máa ń gòkè lọ ṣorò, ọdún òrìṣà Orósùn sì máa ń wáyé lóṣù Karùn-ún ọdọọdún. Ibì kan wà tí wọ́n á ní ẹ má ya fọ́tò, ibì kan wà tí wọ́n á ní ẹ má wọ̀. Ẹni tó mú yín gòkè á sọ ọ́ fún yín; tó bá ti sọ ọ́, kò tún yẹ kẹ́ ẹ máa bi í pé bí ẹ bá fún un ní nǹkan ńkọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ibí yìí ni mo ti máa ń káàánú yín jù. Èèyàn á gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù láti Súrùlérè, á gbé e kọjá Ọ̀rẹ̀, á gbé e kọjá Oǹdó, á gbé e kọjá gbogbo iyán àti ẹ̀fọ́ tó wà lójú ọ̀nà, á wá jókòó sábẹ́ Òkè Ìdànrè, á máa jẹ ìrẹsì tútù. Oǹdó tẹ́ ẹ gbà kọjá yẹn, àwọn ló ni àsun! Èyí tí wọ́n ń tà fún yín nínú àwo kékeré níbi àríyá Èkó, tí wọ́n da àlùbọ́sà bò kí ẹran lè dà bíi pé ó pọ̀, ẹ wá jẹ ẹ́ nílé. Ewúrẹ́ tí wọ́n sun lórí iná igi tawọtawọ, tí wọ́n gé kékeré, tí wọ́n fi ata rodo pò, tí imú èèyàn ń ṣomi tí kò sì lè dúró.

Ní Ìdànrè, iyán ni ọba. Èmi kì í sọ fún àlejò pé ilé oúnjẹ báyìí báyìí ni kó lọ, torí pé ọwọ́ tó dùn lọ́dún yìí lè ṣí lọ síbòmíràn tó bá dẹ̀ẹ̀míì. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ó tẹ́tí. Níbi tó bá ti ń gbọ́ ìró ọmọ odó lọ́wọ́ ọ̀sán, kó yà síbẹ̀. Iyán tí wọ́n gún lójú ẹni yàtọ̀ sí iyán tí wọ́n yọ nínú ọ̀rá. Kó béèrè bóyá ẹ̀bòlò wà. Ẹ̀fọ́ yẹn ní òórùn tirẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ fajú ro, àmọ́ bí wọ́n bá fi ìrú àti ẹja gbígbẹ sè é, ó di dandan kó béèrè òkèlè kún un. Kó béèrè ìgbín. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ìgbín Ìdànrè tóbi débi tí ọ̀kan ṣoṣo á fi gba àárín àwo.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Kò sí ibi tí ẹ ó yà sí tí ẹ ò ní rí bọ̀ọ̀lì lórí ẹyín iná. Kì í ṣe pé àwọn ará Ìdànrè kàn fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kòkó ló mú un wá. Kòkó kékeré kì í fẹ́ oòrùn líle, nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín rẹ̀ kí wọ́n lè ṣíji bò ó títí á fi dàgbà. Àwọn ló sì ń bọ́ ìdílé ní gbogbo ọdún tí kòkó kò tíì so. Bọ̀ọ̀lì tẹ́ ẹ ń jẹ, òjìji kòkó ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá sùn síbẹ̀, ẹ lè bẹ àgbẹ̀ kan kó mú yín dé oko. Láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kejìlá ni wọ́n ń fọ́ kòkó jù. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń kó hóró rẹ̀ jọ, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mélòó kan kó lè wú, kí wọ́n tó sá a sínú oòrùn. Àwọn ọmọdé á sì fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń mu omi funfun ara hóró rẹ̀, ohun dídùn tí kò jọ ṣokoléètì rárá. Ọ̀pọ̀ yín ń jẹ ṣokoléètì láti kékeré, ẹ ò rí èso kòkó lórí igi rí. Igi rẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìdànrè fi lọ sí yunifásítì. Ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń bínú sí oko baba wọn tún padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àdá.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ̀ bí wọ́n bá gbé e wá: ẹran ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé ó dùn, mo sì mọ̀ pé ará Èkó gbà pé ẹni tó dé Ìdànrè tí kò jẹ ẹran ìgbẹ́ kò tíì débẹ̀. Àmọ́ igbó Ìdànrè wà lára àwọn ibi díẹ̀ tó kù nílẹ̀ Yorùbá tí ìnàkí ṣì ń gbé, oko àti ayùn sì ti há wọn mọ́. Bí àlejò bá ń fi owó gidi béèrè ẹran, ọdẹ á wọlé lọ wá a. Ewúrẹ́ wà, adìyẹ wà, ìgbín ń rìn kiri.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Nínú iye tí oníkálukú yín san fún ìrìn-àjò ọjọ́ kan, kí ló bọ́ sílẹ̀ ní Ìdànrè? Ọkọ̀ jẹ́ ti Èkó, ìrẹsì jẹ́ ti Èkó, ẹni tó ń ya fọ́tò wá láti Èkó, ẹ̀wù tẹ́ ẹ wọ̀, Múṣin ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kù, àti omi inú ọ̀rá, ọ̀rá náà lẹ sì fi sílẹ̀ fún ìlú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹni tó sùn mọ́jú ti sanwó yàrá, ó ti jẹun alẹ́, ó ti jẹun àárọ̀, ó ti fún ọmọ ìlú tó mú un gòkè ní owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ra odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ kó tó lọ. Èmi ò rí ìdàgbàsókè mìíràn tó yá ju ìyẹn lọ.

Mo gbọ́ ohùn àwọn kan nínú yín tó ń ní kí ìjọba ṣe ọkọ̀ orí wáyà sí òkè náà. Ẹ gbà mí láyè kí n takò yín. Wọ́n ṣe lífíìtì sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ó sì wúlò fún arúgbó àti aláàbọ̀ ara nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Olúmọ yàtọ̀ ṣá; àárín ìlú ńlá ló wà, òkúta kan ni. Ìdànrè jẹ́ odidi ìlú láàárín òkúta tí kò lóǹkà, ọ̀nà tí àwọn baba wọn ń tọ̀ lọ tọ̀ bọ̀ sì wà lára ohun tí à ń lọ wò. Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Súkùr, tó jẹ́ ìlú orí òkè bíi tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Adamawa, wọlé ní 1999. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Ìdànrè ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n fi owó wáyà tún òrùlé ààfin ṣe, kí wọ́n fi san owó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ ọ, kí wọ́n ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní omi sísàlẹ̀ òkè. Obìnrin tó bá ti rìnrìn-àjò wákàtí mẹ́fà mọ ohun tí mò ń wí.

Mo mọ àwíjàre yín. Ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò pọ̀, iná kì í dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ń bọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé àlejò ní Ìdànrè, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tiyín, nítorí náà ẹ gba tiyín: kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá. Ibùsùn tó mọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn, omi nínú ike, àti ẹnì kan tó lè dáná lálẹ́ lẹ́yìn aago méje. Ohun kẹrin yìí ló ṣòro jù. Àlejò á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ebi, yóò bá gbogbo ìkòkò ní dídojúbolẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi iyán alẹ́ sọ́jà nítòsí ẹnu ọ̀nà òkè máa là.

Ẹ̀yin àlejò mi, iná tó kú kò burú tó ọ̀nà òru. Ní àsìkò tí a wà yìí, ẹni tó fi Ìdànrè sílẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pé Èkó lòun ń lọ, inú òkùnkùn ló máa bá ara rẹ̀, láàárín igbó Ọ̀rẹ̀. Ìyàwó á máa pè, ọkọ á máa pè. Gbogbo ìgbafẹ́ tó ṣe lọ́sàn-án ti tán lára rẹ̀ kó tó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó sùn á jí, á tún wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì fojú mọmọ lọ sílé.

Bẹ́ ẹ bá gbà, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ìgbà tó dáa jù, torí òjò máa ń mú òkúta yọ̀, ibi tó bá sì yọ̀ lókè kò ní nǹkan téèyàn lè dì mú. Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo ọ̀nà jíjìn mọ́ yín lójú, àmọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ á sì máa yá. Ẹ wọ bàtà tó mú ilẹ̀; mo ti rí sálúbàtà tó já ní àtẹ̀gùn àárín, ẹni tó ni ín sì fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta gbígbóná. Ẹ mú omi dání, kí ẹ gbé ọ̀rá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ni kẹ́ ẹ ti bá ẹni tí yóò mú yín gòkè ṣàdéhùn, kẹ́ ẹ dúnàá dúrà níbẹ̀, kí ó má di pé ẹ̀ ń jiyàn owó lójú ojúbọ. Ẹ má kó ju èèyàn mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn, kó dúró ní ibi ìsinmi tó bá wù ú láìtijú, kí ẹ bá a fi ẹnì kan tì í kí wọ́n jọ máa tàkúrọ̀sọ.

Sátidé mìíràn kò ní pẹ́ dé. Ẹ wá ibùsùn ná kẹ́ ẹ tó sanwó bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ọjọ́ Àìkú lẹ ó máa padà, lẹ́yìn iyán ọ̀sán.

Èmi ni tiyín,
Ará Àkúrẹ́ kan